Kí Iná Tó Tàn Lójú Láptọ́ọ̀pù

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin tó wà ní Àkùngbá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé láptọ́ọ̀pù wá fún mi láti tún ṣe ní Ọ̀kà yìí, wọn kì í sì í ní sùúrù. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì láptọ́ọ̀pù, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹnjiníà, ó mà ti kú o!" Kò kú. Ó ń to iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ nílé ti mọ ètò náà. Ẹ ó kọ́kọ́ fà á, ẹ ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dúró dáadáa, kí ẹ tó gbé iná ilé lé e lórí. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, iná ilé ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé kúrò. Ohun tí síkírìnì láptọ́ọ̀pù náà ń ṣe nìyẹn, àmọ́ kíá kíá ni tirẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń gba inú wáyà pẹlẹbẹ tó wọ ẹ̀yìn síkírìnì kọjá: iná kékeré, fólùtì 3.3, tó ń jí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì. Àwòrán fúnra rẹ̀. Àti iná ẹ̀yìn tó ń jẹ́ kí á rí àwòrán náà. Iná kékeré ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí bí àwòrán bá ya wọ inú pátákó tí kò tíì jí, ó lè ba á jẹ́. Ìlànà eDP tí ẹgbẹ́ VESA ṣe, tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní ń tẹ̀lé, fún pátákó náà ní ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá láti jí, kó sì ránṣẹ́ padà pé òun ti wà níkàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni dráífà, ìyẹn ètò tó ń darí síkírìnì, yóò bi í pé irú èwo ni, tí wọ́n á sì fẹnu kò lórí bí àwòrán yóò ṣe máa yára wọlé. Inú òkùnkùn ni àwòrán ti ń bẹ̀rẹ̀. Iná ẹ̀yìn ló ń kẹ́yìn, kí ẹ má baà rí rádaràda tó ṣáájú.

Nígbà mìíràn, iná ẹ̀yìn yìí nìkan ni kò dé. Tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń mọ̀: mo máa tàn án sí síkírìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá rí àwòrán tó ń hàn bàìbàì, ọ̀nà ti kúrú fún mi nìyẹn.

Pípa síkírìnì ni àwọn èèyàn kò kà sí. Iná ẹ̀yìn á kọ́kọ́ kú, àwòrán á tẹ̀ lé e, iná kékeré á wá kẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, ó kéré tán, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá gbọ́dọ̀ kọjá kí iná tó tún wọ ibẹ̀, kí èyí tó ṣẹ́ kù nínú pátákó lè gbẹ. Nínú Linux, ìyẹn ètò kan tó ń darí odidi kọ̀ǹpútà, dráífà kan wà tó ń jẹ́ panel-edp. Orúkọ oríṣiríṣi síkírìnì àti àsìkò tí kálukú ń fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá pàdé èyí tí kò mọ̀ rí, odidi ìṣẹ́jú àáyá 2 ló máa ń dúró lẹ́yìn tó bá pa á, kó tó tún tàn án. Ìwà yẹn wù mí. Àwa tí à ń tún nǹkan ṣe kì í sábà bẹ̀rù ohun tí a kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ń pààrọ̀ síkírìnì láìyọ bátìrì. Iná ẹ̀yìn ń gba ẹnu wáyà kan náà pẹ̀lú iná kékeré, agbára rẹ̀ sì ju fólùtì 3.3 lọ dáadáa. Bí ẹnu wáyà bá wọlé ní wíwọ́, iná ńlá lè bọ́ sójú ọ̀nà iná kékeré, kó jó fíúsì tàbí síkírìnì fúnra rẹ̀. Kò sí dráífà tó lè gba èyí sílẹ̀. Torí náà, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń tú láptọ́ọ̀pù yín: bátìrì ni kó kọ́kọ́ yọ. Bí síkírìnì bá jó, Ìkẹjà ni èmi ṣì ń ránṣẹ́ sí fún òmíràn, a ó sì jọ máa retí mọ́tò ni.