Bí aṣòfin bá fi ọdún kún ọdún ara rẹ̀, ta ló máa dá a lẹ́kun?

Tchatchou – Bí ẹgbẹ́ àjọ bá yan olórí fún ọdún mẹ́rin, tí olórí àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ wá jókòó láàárín ara wọn, tí wọ́n fi ọdún kan kún un, kò sí ọlọ́jà kan ní Tchatchou tó máa dákẹ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló dé bá orílẹ̀-èdè Benin ní 2006.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ nígbà náà pé ọdún mẹ́rin ni dépité máa lò. Àwọn tí a yàn ní 2003 gbọ́dọ̀ padà wá bá ará ìlú ní 2007. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, wọ́n dìbò láàárín ara wọn pé ó di ọdún márùn-ún. Yayi Boni, ọmọ Tchaourou wa níbí, kò tíì lo oṣù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ààrẹ nígbà náà.

Kí a má baà di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn. Wọ́n ní owó ìlú làwọn ń ṣọ́, kí ìbò aṣòfin àti ti kọ́múnù lè bọ́ sí àkókò kan náà ní 2008. Ìwé òfin sì gbà pé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn dépité 83 bá fọwọ́ sí i, wọ́n lè tún un ṣe láì pe ará ìlú wá dìbò.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2006, Cour Constitutionnelle, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀, fagi lé e. Conceptia Ouinsou ni olórí rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní àdéhùn gbogbo ìlú, láti ìpàdé àpapọ̀ oṣù Kejì ọdún 1990, ló bí ìwé òfin náà. Láìsí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kò ṣeé tún ṣe. Ìbò sì wáyé ní oṣù Kẹta ọdún 2007.

Àwọn kan bínú. Wọ́n ní ìwé òfin kò kọ àdéhùn yìí mọ́ ohun tí àtúnṣe gbọ́dọ̀ ní, pé adájọ́ ti di aṣòfin. Lójú tiwa, ilé ẹjọ́ ṣe dáadáa, torí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbára ńlá nìyẹn, kò sì sí ibòmíì tí a lè gbé ìdájọ́ wọn lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ní òfin kò lè gba ẹ̀tọ́ ìyanṣẹ́lódì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní oṣù Kẹfà, àwọn adájọ́ tuntun dé, wọ́n ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin kò yí padà. Àwọn tó ń kà á ló yí padà.

Nítorí náà, ẹ bi àwọn tó bá wá tọrọ ìbò yín pé irú adájọ́ wo ni wọ́n máa yàn. Adájọ́ méje ló wà níbẹ̀: àwọn aṣáájú Ilé Aṣòfin ń yan mẹ́rin, ààrẹ ń yan mẹ́ta.

Ẹ má sì gbàgbé pé ẹnikẹ́ni nínú wa lè kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ náà lórí òfin tó bá ta ko ìwé òfin ilẹ̀. Kò di dandan kí ẹ gba lọ́yà. Ẹ kọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè tẹ ìka.