Ẹ̀wù Irun Àgùntàn Ayé Àtijọ́ àti Ọgbọ́n Ìgéṣọ Rẹ̀

Aṣọ a máa gbó, a sì máa jẹrà nínú ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí odindi ẹ̀wù tí mẹ̀kúnnù wọ̀ ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Ti àwọn ọba àti àlùfáà ni ó sábà máa ń kù. Ọ̀rọ̀ Herjolfsnes, ní gúúsù Greenland, yàtọ̀. Àwọn tí ó ti Iceland wá tẹ àgbègbè náà dó ní nǹkan bí ọdún 985. Wọ́n ń sin àgùntàn, wọ́n sì ń hun irun rẹ̀ ní aṣọ. Pákó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀wù ni wọ́n fi wé ọ̀pọ̀ òkú wọn dípò pósí. Òtútù ilẹ̀ náà ni kò jẹ́ kí aṣọ wọ̀nyí jẹrà tán. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìran wọn pòórá kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1921, nígbà tí òkun ti ń jẹ itẹ́ òkú náà lọ, Poul Nørlund láti Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì wú ẹ̀wù, ìborí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ jáde níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rán irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ lónìí rí ohun tí yóò tẹ̀ lé. Nørlund tẹ ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 1924. Ní ọdún 2011, Lilli Fransen, Anna Nørgaard àti Else Østergård tún tẹ òmíràn jáde, tí àwòrán ìgéṣọ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan kò tó. Ó yẹ kí aránṣọ mọ èrò tí ó bí i.

Èrò náà ni pé aṣọ níye lórí ju iṣẹ́ aránṣọ lọ. Kí aṣọ tó délẹ̀, wọ́n ní láti ṣa irun àgùntàn, kí wọ́n ran án ní òwú, kí wọ́n sì hun ún lórí òfì ìnàró tí wọ́n so òkúta mọ́ ìsàlẹ̀ òwú rẹ̀ kí ó lè le. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ta ni yóò wá gé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dànù? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n aṣọ ni wọ́n fi gé ẹ̀wù.

Ègé gbọọrọ kan ni iwájú, òmíràn ni ẹ̀yìn. Bí a bá gé aṣọ onígun mẹ́rin láti igun kan dé igun kejì tí ó dojú kọ ọ́, onígun mẹ́ta méjì ni yóò dà, láìṣẹ́ku. Irú ègé onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sí ìhà méjèèjì, wọ́n sì la àárín iwájú àti ẹ̀yìn láti fi àwọn mìíràn bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù náà ṣe mọ níwọ̀n ní àyà, tí ó sì fẹ̀ ní ìsàlẹ̀, tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fi lè gbé ẹsẹ̀ gbọọrọ.

Kí aránṣọ tó mú àlùmọ́gàjí, kí ó kọ́kọ́ fọ aṣọ náà, nítorí irun àgùntàn a máa sún kì. Kí ó fi aṣọ òwú olówó pọ́ọ́kú dán ìgé náà wò. Etí tí a gé ní ìdagun a máa fà. Kí ó rọra rán an mọ́ etí tí ó tọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó orí wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ lè rán ojú tí ó gùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló dára jù fún ṣóńṣó náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó gbé ẹ̀wù náà kọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́ etí rẹ̀. Kí ó má ṣe fo ègé kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn apá: láìsí i, bí ènìyàn bá nawọ́ sókè, gbogbo ẹ̀wù ni yóò bá a gòkè.

Àwọn kan lè sọ pé kí a gé e bí ẹ̀wù òde òní kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ̀wù yóò jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ọgbọ́n yìí kò sí mọ́ tí a lè bi léèrè. Inú ègé wọ̀nyí ni wọ́n fi í sí. Ẹni tí ó bá yí ìgé náà padà ti pa ẹnu ẹlẹ́rìí mọ́.