Ẹja Wo Ló Lè Bá Ẹja Wo Gbé? Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Sin Ẹbí Epìyà Nínú Dígí

  

Kò sí ẹni tí kò tíì rí àpótí dígí tí wọ́n ń sin ẹja sí, ìbáà ṣe nínú yàrá àlejò, ní bánkì, tàbí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó dùn-ún wò. Oníbàárà tó bá dúró wo ẹja lè ti ibẹ̀ wọlé wá béèrè iye ọjà. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan fi ń béèrè irú ẹja tí ó yẹ kí àwọn kọ́kọ́ rà.

Ìbéèrè gidi ni, nítorí owó ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹlòmíràn á ra ẹja mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, oríṣi mẹ́wàá, nítorí pé àwọ̀ wọn wù ú. Kí oṣù tó parí, ó ku méjì: èyí tó lágbára jù, àti èyí tó rí ibi sá pamọ́ sí. Wọn á ní ẹja kò ṣeé sìn. Ẹja ṣeé sìn o! Àwọn tí kò lè bára gbé ni wọ́n kó pọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́.

ẸBÍ EPÌYÀ

Ẹbí ẹja tí à ń sọ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní cichlid. Orúkọ náà lè ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n ẹja náà kì í ṣe àjèjì. Epìyà tí à ń rà lọ́jà láti sè, ọ̀kan nínú wọn ni. Oscar àti angelfish tí wọ́n ti Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá, ọmọ ẹbí náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aláwọ̀ mèremère inú adágún Màláwì.

Ìwà méjì ni a fi mọ ẹbí yìí. Wọ́n máa ń gba ilẹ̀, wọ́n sì máa ń tọ́jú ọmọ. Ẹ wo epìyà alágbọ̀n dúdú tó wà nínú ọ̀sà wa níhìn-ín: akọ ni ó ń gba ẹyin sẹ́nu, tí ó ń gbé e kiri títí ọmọ yóò fi yọ. Bàbá rere nìyẹn! Ṣùgbọ́n ẹja tó bá fẹ́ràn ọmọ tó bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kí àlejò sún mọ́ ilé òun. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Ìdúmọ̀tà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá gbé igbá rẹ̀ síwájú ìsọ̀ ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ ẹja wọ̀nyí ṣe rí gan-an nìyẹn.

OHUN MẸ́TA TÍ Ẹ Ó KỌ́KỌ́ WÒ

Èkínní ni bí ẹja náà yóò ṣe tóbi tó. Ẹ má wo bó ṣe rí nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á fún yín. Oscar tí kò ju ìka lọ lónìí lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà bó bá dàgbà. Ẹja yòówù tó bá sì wọ ẹnu rẹ̀, oúnjẹ ni. Epìyà ọ̀sà náà lè ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹja ọbẹ̀ ni, kì í ṣe ẹja dígí kékeré.

Èkejì ni omi. Omi adágún Màláwì le, kò kan rárá. Omi tí angelfish ti wá rọ̀, ó sì kan díẹ̀. Ẹ má kó àwọn méjèèjì sínú omi kan. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níhìn-ín, ọ̀sà sún mọ́ wa, iyọ̀ sì máa ń wọ inú kànga àti omi tí a gbẹ́ nílẹ̀. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tí ẹ gbọ́ iyọ̀ lẹ́nu, ẹ má lò ó. Omi ẹ̀rọ dára, ṣùgbọ́n oògùn kọ̀lọ́ríìnì tí wọ́n ń dà sí i a máa pa ẹja. Ẹ bu omi náà sínú agbada tí ó ṣí sílẹ̀, kí ó wà níbẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó.

Ẹ̀kẹta ni ìwà. Ẹja kan wà nínú odò tiwa tó ní àmì dúdú márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Hemichromis fasciatus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Ìbátan rẹ̀ pupa, tí àwọn òyìnbó fi wé òkúta iyebíye, kì í fi ara rọ ẹnikẹ́ni bó bá ti fẹ́ bímọ. Ẹni tuntun kò gbọdọ̀ fi èyíkéyìí nínú wọn sáàárín ẹja mìíràn.

ẸJA TÍ Ó YẸ ẸNI TUNTUN

Bí ẹ bá bi wá, kribensis ni a ó ní kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ọmọ ilé wa ni. Inú àwọn odò gúúsù Nàìjíríà ni ó ti wá, ní ìhà Niger Delta, títí kan odò Ethiope. Ní ọdún 1901 ni onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Boulenger kọ ìwé nípa rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní pulcher, èyí tí ó túmọ̀ sí arẹwà lédè Látìn. Lónìí wọ́n ń sìn ín nílùú òyìnbó àti ní Éṣíà, wọ́n sì ń tà á káàkiri ayé.

Akọ rẹ̀ kì í sábà ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ. Abo kéré sí i. Abo yìí ni ẹ ó wò dáadáa: bó bá fẹ́ lọ́kọ, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ìyàwó tuntun tí wọ́n fi osùn kùn. Òun fúnra rẹ̀ ni í máa ń fi ẹwà náà han akọ, kì í dúró kí ọkọ wá wá a.

Ẹ ra akọ kan àti abo kan, ó tán. Tọkọtaya kejì nínú dígí kékeré, ìjà ni. Inú ihò ni wọ́n ń yé sí, nítorí náà ẹ wá ìkòkò amọ̀ kékeré tí etí rẹ̀ fọ́, tàbí èèpo àgbọn tí ẹ gbẹ́ ihò sí. Ẹ fi méjì sí i, kí wọ́n rí èyí tí wọn yóò yàn. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ní ẹlẹgbẹ́, ẹ wá ẹja kéékèèké tí ń wẹ̀ lókè omi, bíi tetra odò Kóńgò, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni kribensis ń gbé. Ẹ má fi àrọ̀ sí i o. Ọmọ ẹja ni yóò fi ṣe oúnjẹ alẹ́.

Bí wọ́n bá bímọ, bàbá àti ìyá á jùmọ̀ máa da ọmọ kiri bí adìyẹ. Ohun ìyanu kan ni pé bí omi bá kan, akọ ló máa ń pọ̀ jù nínú ọmọ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bí wọn fún títà, kí ó má jẹ́ kí omi rẹ̀ kan jù.

ILÉ PẸTẸ́ẸSÌ, ÌGBẸ́ ẸJA ÀTI INÁ

Dígí tó gùn ní 80 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 35, tó ga ní 40, á gba 112 lítà omi. Ó lé díẹ̀ ní garawa mẹ́fà. Omi yẹn nìkan wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ, ká má tíì ka dígí àti yanrìn. Ọ̀pọ̀ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló jẹ́ pákó ni wọ́n tẹ́ sókè. Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ ilé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pe káfíńtà kí ó wo pákó náà ná.

Ìgbẹ́ ẹja a máa di májèlé nínú omi tuntun. Kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ni ó ń sọ ọ́ di aláìléwu, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kó ẹja púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìwọ̀n oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n fẹ́ràn tanwíji gan-an. Èérún búrẹ́dì ń ba omi jẹ́.

Ooru Èkó ti tó wọn, ẹ má ra ohun tí ń mú omi gbóná. Àmọ́ bí iná bá lọ, pọ́ǹpù á dúró, atẹ́gùn inú omi á sì dínkù. Ẹja méjì lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ogún ẹja kò lè fara dà á.

Ẹ MÁ DÀ Á SÍ Ọ̀SÀ

Bí ẹja bá sú yín, ẹ fún ẹlòmíràn. Ẹ má dà á sínú ọ̀sà tàbí gọ́tà. Ní ọdún 2010, wọ́n kó irú epìyà alágbọ̀n dúdú tiwa yìí láti Gánà lọ sí Thailand. Nígbà tó yá, ó ti gba odò àti adágún ẹlẹ́dẹ̀ẹ́-edé wọn, ó sì ń jẹ wọ́n lérè. Ní ọdún 2024, ìjọba ibẹ̀ ń fowó ra á lọ́wọ́ ẹni tó bá pa á wá. Ohun tó ń bọ́ ilé wa di ìyọnu nílé onílé. Ẹja ilé onílé lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn apẹja wa náà.

Ní ìparí, a kò rọ ẹnikẹ́ni láti yá owó ẹgbẹ́ tìtorí ẹja dígí. Owó ọjà ni kí ẹ fi owó ẹ̀yáwó ṣe. Ẹ fi èyí tó ṣẹ́kù lápò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tọkọtaya kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá bímọ, ẹ pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí òun náà má lọ náwó sófo. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a ti ṣe é bó ṣe yẹ: ẹja tútù là ń ká, bó bá gbẹ tán, kíkán ni yóò kán.