Abẹ́rẹ́ Ilẹ̀ Ṣáínà: Ohun tí Ìwádìí Sọ nípa Àǹfààní àti Ewu Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àkùpọ́ńṣọ̀ mu, ìyẹn ọ̀nà ìwòsàn àtayébáyé ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún àwọn ojú ibì kan lára aláìsàn kí ìrora lè dínkù. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti yẹ ìtọ́jú náà wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ohun tí wọ́n rí kò tẹ́ àwọn tó ń yìn ín lọ́rùn tán, bẹ́ẹ̀ ni kò tẹ́ àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lù ú lọ́rùn.

Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lo ìtọ́jú yìí. Ní ìgbàgbọ́ àwọn baba ńlá wọn, agbára ìyè kan ń ṣàn kiri ara bí omi odò, ibi tí ọ̀nà rẹ̀ bá sì ti dí ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1971, okìkí rẹ̀ kàn dé Amẹ́ríkà nígbà tí James Reston, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The New York Times, kọ ìròyìn nípa bí wọ́n ṣe fi abẹ́rẹ́ dín ìnira inú rẹ̀ kù ní ilé ìwòsàn kan ní Beijing, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì fún un.

Ojúlówó àti àdàmọ̀dì

Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó lókìkí jù lọ ni èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Jámánì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Wọ́n pín ènìyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ríro ti di bárakú fún sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n gún àwọn ìkínní ní abẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n gún àwọn ìkejì lóréfèé, ní ibi tí ìlànà náà kò yàn. Àwọn ìkẹta gba oògùn, fisiotẹ́rápì àti eré ìdárayá. Nígbà tó di oṣù mẹ́fà, ara ti tu 47.6 nínú 100 àwọn ìkínní, 44.2 nínú 100 àwọn ìkejì, àti 27.4 péré nínú 100 àwọn ìkẹta.

Èyí túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ borí ìtọ́jú tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojúlówó àti àdàmọ̀dì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kó jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n gún kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìrètí aláìsàn, ìsinmi àti ìfarabalẹ̀ olùtọ́jú lè wà lára ohun tó ń mú ìtura wá. Àwọn onímọ̀ tún ṣàlàyé pé bí abẹ́rẹ́ bá wọ ara, ara fúnra rẹ̀ lè tú èròjà apàrora tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ da àbájáde ìwádìí 29 pọ̀, èyí tó kan ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000 tí ẹ̀yìn, ọrùn, èjìká, orúnkún tàbí orí ń ro. Wọ́n rí i pé ojúlówó abẹ́rẹ́ ta àdàmọ̀dì yọ, àmọ́ díẹ̀ ni.

Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló mú kí èrò àwọn aláṣẹ máa yí padà. Ní ọdún 2009, àjọ NICE, tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí i fún ẹ̀yìn ríro. Ní ọdún 2016, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ní ọdún 2021, wọ́n tún gbà á wọlé fún àwọn ìrora bárakú kan tí kò ní okùnfà pàtó. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìlera àwọn àgbàlagbà, Medicare, bẹ̀rẹ̀ sí í san owó rẹ̀ ní ọdún 2020 fún àwọn tí ẹ̀yìn ríro ti di bárakú fún.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ìwádìí mìíràn ní Jámánì, tó jáde ní ọdún 2009, tọpa ènìyàn 229,230 tó gba ìtọ́jú náà. Nǹkan bíi 8.6 nínú 100 ló ní ìṣòro kan tàbí òmíràn. Èyí tó pọ̀ jù ni ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí ara dídúdú níbi tí wọ́n gún. Àmọ́ abẹ́rẹ́ ba ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn méjì jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá jìn jù ní àyà, afẹ́fẹ́ lè jò síta kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì rọ̀ bíi táyà tó jò.

Ní ọdún 2010, ìwé àtìgbàdégbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwádìí kan jáde tó ṣàkójọ ìròyìn láti Ṣáínà nípa ènìyàn 479 tí abẹ́rẹ́ ṣe ní jàǹbá. Mẹ́rìnlá nínú wọn kú.

Àìmọ́tótó náà ń ṣekú pani. Ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1984, ènìyàn 35 kó àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B ní ilé ìtọ́jú alábẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti gbọ́ ìkìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi abẹ kan ṣoṣo sín gbẹ́rẹ́ fún ènìyàn méjì.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba ìtọ́jú yìí ní láti rí i pé olùtọ́jú náà gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó péye, àti pé abẹ́rẹ́ tuntun, èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ń sọ nù, ni wọ́n tú lójú òun. Aboyún, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lára láti ran ọkàn lọ́wọ́, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà wọn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ kò rọ́pò oògùn ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí jẹjẹrẹ. Ìrora tí kò lọ lè jẹ́ àmì àìsàn ńlá tó fara pamọ́. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ pa ìrora náà mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò ní ilé ìwòsàn lè fún àìsàn náà láyè láti gbilẹ̀.