Orí Pípá: Oògùn, Iṣẹ́ Abẹ, àti Ẹ̀dà Irun Tí Kò Tíì Dé

Irun orí tó ń dínkù kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo, nítorí náà kò lè ní oògùn kan ṣoṣo. Orí ènìyàn ní nǹkan bí 100,000 ẹyọ irun, láàárín 50 sí 100 nínú wọn ló sì ń jábọ́ lójúmọ́ láìsí àìsàn kankan, torí pé gbòǹgbò irun, ìyẹn àpò kékeré inú awọ tí ẹyọ irun kọ̀ọ̀kan ti ń hù jáde, ń ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, ó ń sinmi fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ará Ifákọ̀ tàbí Kétu ní Èkó tó náwó sí oògùn tàbí abẹ, ó yẹ kó mọ̀ bóyá gbòǹgbò náà ń sinmi ni, tàbí ó ń rù, tàbí ó ti kú, nítorí èyí tó ń sinmi yóò jí, èyí tó ń rù ṣeé dá dúró, ṣùgbọ́n oògùn tó ń jí òkú gbòǹgbò kò sí.

Obìnrin tó bímọ ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tàbí ẹni tí ibà líle ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, lè rí i pé irun ń kún inú òòyà nígbà tó bá ń yarun. Irun bẹ́ẹ̀ sábà máa ń padà fúnra rẹ̀ láàárín oṣù bíi mẹ́fà, ẹni tó bá sì lọ ra ìpara olówó ńlá ní àkókò yìí yóò máa yin ìpara fún iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ṣe. Làpálàpá orí àwọn ọmọdé náà ń pá irun lójú kan lójú kan. Oògùn gbígbémì ni dókítà máa ń kọ fún un, nítorí ohun tó ń fà á ti wọnú ẹyọ irun lọ, ìpara nìkan kò sì lè bá a níbẹ̀.

Orí pípá àwọn ọkùnrin, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ iwájú tàbí láti àtàrí, jẹ́ àjogúnbá, yálà láti ìdí ìyá tàbí láti ìdí bàbá. Họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ DHT, tí ara ń ti ara testosterone ṣe, ló ń mú kí gbòǹgbò irun iwájú àti ti àtàrí máa kéré sí i, títí irun tó ń hù níbẹ̀ yóò fi dà bí òwú aláǹtakùn, nígbà tí irun ìpàkọ́ kò ka họ́mọ̀nù náà sí. Kò sí àrùn nínú èyí, apárí tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ kò nílò ju kílípà onígbàjámọ̀ lọ.

Èyí tó gba ìfarabalẹ̀ jù ni ti àwọn obìnrin, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìwádìí tí Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007 fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò ni irun wọn ti pá nítorí fífà, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ti jókòó rí lábẹ́ agboòrùn àwọn onídìrí ní Kétu yóò fi yà á lẹ́nu. Bí onídìrí bá fa irun iwájú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi gùn sókè, tí ẹni náà gbé pàrásítámọ́ mì kó tó lè sùn, tí rorẹ́ wẹ́wẹ́ sì sú sí ìdí irun kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbòǹgbò ti ń kígbe. Ṣùkú tàbí kòlẹ́sẹ̀ tí a fi irun orí nìkan dì kì í wúwo. Ẹrù tó ń fa wàhálà ni ataṣimẹ́ńtì gígùn tí a so mọ́ irun tí kò pọ̀, pàápàá lórí irun tí rilásà ti sọ di ẹlẹgẹ́. Àmì tí oníṣègùn fi ń dá a mọ̀ ni ìlà irun wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́kù síwájú pátápátá, tí ibi tó pá wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí irun wẹ́wẹ́ yẹn kúrú jù fún ọwọ́ onídìrí láti mú. Bí a bá tètè tú u, tí a sì jẹ́ kí orí sinmi, irun yóò padà láàárín oṣù díẹ̀. Bí a bá ń fà á lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, awọ ibẹ̀ yóò máa dán, ihò irun yóò dí, ó sì di ọ̀rọ̀ abẹ.

Òmíràn tún wà tó ń ti àtàrí obìnrin bẹ̀rẹ̀, tó ń fẹ̀ káàkiri bí omi tó dà sílẹ̀, tó sì ń pa gbòǹgbò run bó ti ń lọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú yíyún tàbí ríro. Ní 1968, kóòmù gbígbóná ni àwọn oníṣègùn dá lẹ́bi. Ní 2019 ni ìwádìí fi hàn pé jíìnì kan tó ń jẹ́ PADI3, èyí tí a ń jogún lára òbí, yí padà lára díẹ̀ nínú àwọn tó ní in. Ó lè di dandan kí dókítà gé awọ bíńtín wò kó tó dá a lójú, nítorí ẹni tó bá gbin irun sórí irú awọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àìsàn náà ṣì ń jà, ṣe ló fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Oògùn: ohun tó ń dì mú

Oògùn méjì ló ní ẹ̀rí tó dúró fún orí pípá àjogúnbá. Minoxidil ni àkọ́kọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀ kí àwọn oníṣègùn tó ṣàkíyèsí pé irun ń hù káàkiri ara àwọn tó ń lò ó, títí tí Amẹ́ríkà fi fọwọ́ sí èyí tí a ń fi pa orí ní 1988. Awọ orí ni a ń fi í pa, ó sì tó oṣù mẹ́rin kí a tó lè sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, irun lè jábọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí èyí tó ti gbó ń yà fún tuntun, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ju ìgò náà nù. Ọkùnrin àti obìnrin ló lè lò ó, àyàfi aláboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú.

Finasteride ni ìkejì, hóró 1 mg tí ọkùnrin ń gbé mì lójoojúmọ́, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irun ní 1997. Ó ń dí èròjà tó ń sọ testosterone di DHT lọ́wọ́, DHT inú ẹ̀jẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Àwọn díẹ̀ ń ròyìn pé ìfẹ́ ìbálòpọ̀ wọn dínkù, tàbí pé nǹkan ọkùnrin wọn kò le bó ti yẹ, tàbí pé ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì. Aláboyún kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí tó fọ́, nítorí ó lè ṣàkóbá fún ẹ̀yà ara ọmọkùnrin tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta hóró yìí ní kẹ́míìsì kì í sábà sọ. Finasteride ń fa iye PSA, ìyẹn àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ prostate, wá sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì, bẹ́ẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ yìí ń mú àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Ọkùnrin ẹni 50 ọdún tó ń lò ó fún irun, tí kò sọ fún dókítà tó ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò, lè gba èsì tó dára lórí ìwé nígbà tí ewu wà lábẹ́ rẹ̀. Dókítà tó bá mọ̀ yóò sọ iye náà di ìlọ́po méjì kó tó kà á.

Oògùn méjèèjì bá ara wọn mu lọ́nà kan: ẹni tó bá dáwọ́ dúró yóò rí i pé ohun tó jèrè ń lọ láàárín oṣù díẹ̀. Owó tí ẹni náà ń ná kì í tán, ó sì yẹ kí ìyẹn wà nínú ìṣirò láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìgò tàbí páálí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC lára, kí ó wà níbi tó wà.

Abẹ: ohun tó ń ṣí nípò

Iṣẹ́ abẹ kò dá ẹyọ irun kan sáyé. Ó ń hú gbòǹgbò láti ìpàkọ́ lọ gbìn síwájú, bí àgbẹ̀ ti ń hú ọmọ ata níbi tó ti ṣù jọ lọ sórí ebè tó ṣófo. Shoji Okuda ti ṣe irú rẹ̀ ní Japan ní 1939, ṣùgbọ́n Norman Orentreich ti New York ló ṣàlàyé ní 1959 pé irun ìpàkọ́ ń gbé ìwà rẹ̀ dání dé ibi tuntun, DHT kò sì ní rí i pa níbẹ̀. Àwọn kan ń gé awọ ìpàkọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já, wọ́n á sì tú u sí ẹyọ. Àwọn mìíràn ń fi irin oníhò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 1 mm lọ yọ gbòǹgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun tí a gbìn yóò kọ́kọ́ jábọ́ láàárín oṣù àkọ́kọ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó sì di bí ọdún kan kí a tó rí i bó ṣe máa rí.

Lábẹ́ awọ, gbòǹgbò irun aláwọ̀ dúdú tẹ̀ bí dòjé. Irin tó bá wọlé tààrà, bí èyí tí a ń lò fún irun tí kò ká, yóò gé e sí méjì, oko tí a ti hú nǹkan yóò ṣófo, ebè tuntun kò sì ní rí nǹkan hù. Sanusi Umar, oníṣègùn awọ ara ní California, wà lára àwọn tó ti ṣe irin tó bá ìtẹ̀sí yìí mu. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe é, ìbáà jẹ́ ní Èkó tàbí ní Turkey, béèrè iye onírun kíká tí oníṣẹ́ abẹ náà ti ṣe fún, kó sì wo àwòrán wọn. Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú ga lẹ́yìn lílu etí, tàbí tí kókó líle ń yọ sí ìpàkọ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbígẹ irun, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí abẹ tó kàn án, nítorí ìpàkọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbẹ́.

Irun ìpàkọ́ ní ìwọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 24 tó bá fi gbogbo rẹ̀ kún iwájú kò ní ní èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí àtàrí bá wá béèrè ìpín tirẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fi ń ní kí aláìsàn máa lo oògùn lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀dà irun

Ìwọ̀n yìí ni ṣíṣe ẹ̀dà irun fẹ́ mú kúrò: kí a mú gbòǹgbò díẹ̀, kí a sọ sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ rẹ̀ di púpọ̀ nínú yàrá ìwádìí, kí a sì dá wọn padà sí orí. Ní 1999, Colin Jahoda ti Yunifásítì Durham ní England àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé àwọn mú sẹ́ẹ̀lì láti gbòǹgbò irun orí Jahoda fúnra rẹ̀, àwọn fi sí apá ìyàwó rẹ̀, irun sì hù níbẹ̀. Ìṣòro tó wà ni pé bí a bá tẹ́ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí sínú àwo kí wọ́n lè pọ̀, wọ́n ń gbàgbé iṣẹ́ irun. Ní 2013, Jahoda, Claire Higgins àti Angela Christiano gbé wọn kọ́ sínú ìkán omi tó ń rọ̀ sísàlẹ̀, kí wọ́n lè ṣù jọ bí wọ́n ti ń wà nínú ara, wọ́n sì fi wọ́n sínú awọ ènìyàn tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eku. Lára ènìyàn méje tó fi sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ti márùn-ún ló hù.

Láti ẹ̀yìn eku dé orí ènìyàn ṣì jìnnà: irun náà gbọ́dọ̀ kọjú síbi tó yẹ, kó ní àwọ̀, kó máa re kó sì máa padà, kí sẹ́ẹ̀lì tí a mú pọ̀ má sì di kókó burúkú. Kò sí àjọ ìjọba tó tíì fọwọ́ sí i fún títà. Ilé ìtọ́jú tó bá ń polówó ẹ̀dà irun lónìí ń ta ohun tí kò sí lọ́jà. Ẹni tó sì ń dúró dè é láìṣe nǹkan kan ń pàdánù gbòǹgbò tí oògùn ìbá ti bá a dì mú.

Àyẹ̀wò lè bẹ̀rẹ̀ ní Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà tàbí ilé ìwòsàn àdúgbò, kí wọ́n tó kọ lẹ́tà fún aláìsàn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn awọ ara ní LUTH, Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH, Ìkẹjà. Kí aláìsàn tú irun rẹ̀ kó tó wá, kó yọ wíìgì àti gúlù kúrò, kó má fi ìpara tàbí àtíkè bo ibi tó pá, kó mú páálí gbogbo oògùn tó ń lò dání, àti fọ́tò tó yà ní bí ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn, èyí tí iwájú orí ti hàn dáadáa, láìsí gèlè.