Ọjọ́ márùn-ún péré ni kọ́ńpìnnì náà dáyé tó fi gba ilẹ̀ epo: Ẹ má yá ẹnikẹ́ni lórúkọ o!

Nílùú Èkó báyìí, kò ṣòro kí ọ̀gá kan pe dírẹ́bà rẹ̀, kó ní kó gbé nọ́ńbà NIN rẹ̀ wá, kó fọwọ́ síwèé, kó sì fún un lówó díẹ̀. Bí dírẹ́bà ṣe di dírẹ́kítọ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ló ni owó, ọ̀gá ló ń ṣòwò, àmọ́ orúkọ ẹlòmíì ló wà nínú ìwé.

Àwọn tó mọ ìtàn Malabu mọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, ọdún 1998, nígbà ìjọba Abacha, ni wọ́n forúkọ Malabu Oil and Gas sílẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó gba ilẹ̀ epo OPL 245. Mínísítà epo tó fún un ni Dan Etete. Orúkọ Etete ò sí nínú ìwé Malabu, Kweku Amafegha ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lọ́dún 2013, adájọ́ kan ní London sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Etete ti ní ìpín níbẹ̀. Kó tó dìgbà náà, lọ́dún 2011, Shell àti Eni ti san owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lórí ilẹ̀ ọ̀hún. Nígbà tó di ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ Milan dá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kàn láre.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà tó tọ́ ò le. CAC ni wọ́n ń forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń ṣe é báyìí. Oníṣòwò á kọ́kọ́ mú orúkọ wá, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíì ti gbà á. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, á kọ àdírẹ́sì àti irú òwò tó ń ṣe, á fi fọ́tò àti ìwé ìdánimọ̀ sí i, á sanwó, ó di kó máa retí sátífíkéètì. Owó lọ́yà tàbí éjẹ́ǹtì yàtọ̀ sí owó ìjọba. Lọ́dún 2020, ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ ṣètò láti sanwó fún òwò kéékèèké 250,000.

Owó kọ́ńpìnnì ju ti orúkọ òwò lásán lọ, torí owó sítáàǹpù wà lórí ìpín rẹ̀. Ìyàtọ̀ mìíràn ni pé gbèsè orúkọ òwò, ọrùn ẹni tó ni ín ló wà. Kọ́ńpìnnì ní tiẹ̀ dá dúró bí èèyàn, ìdí nìyẹn táwọn oníjìbìtì fi fẹ́ràn láti sá sẹ́yìn rẹ̀.

Òfin ọdún 2020 ti ní kí ẹni tó bá ní ìpín 5 nínú 100 sókè jáde wá sọ ara rẹ̀. Láti ọdún 2023, CAC ti ní ìwé orúkọ irú wọn tí aráàlú lè yẹ̀ wò.

Tí EFCC bá dé, ẹni tórúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀gá lè ti fò lọ ní tiẹ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ta ló wá yẹ kó gbé tiẹ̀ tọrẹ nítorí owó oúnjẹ ọ̀sán?