Bí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn bá dí

Ká sọ pé ẹ wà lóko, ẹ ń kọ ebè. Lójijì, nǹkan tẹ àyà yín mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé àpò àgbàdo lé e. Òógùn tútù bò yín. Ẹ jókòó, ẹ sinmi, síbẹ̀ kò lọ. Kí ni ẹ ó ṣe? Ṣé ẹ ó ní àárẹ̀ lásán ni? Ṣé ẹ ó ní ayé ló ta yín lọ́fà? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara.

Iṣẹ́ ọkàn

Ọkàn wà nínú àyà. Ó tóbi tó ìkúùkù ọwọ́. Òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, tọ̀sán tòru, kì í sinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ́ ará ilé, òun náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ọkàn ní àwọn iṣan tóóró tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún òun alára.

Bó ṣe ń dí

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá lè máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan wọ̀nyí. Ọ̀nà á wá há. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rá yẹn lè sán, kí ẹ̀jẹ̀ sì dì lé e lórí, kí ó dí ọ̀nà pa. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé mọ́ lára ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ibi tó bá ti kú kì í jí mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká yára.

Àmì rẹ̀

1. Àyà ń fún, tàbí ó wúwo, ó lé ní ìṣẹ́jú 15, tàbí ó ń lọ ó ń bọ̀.
2. Ìrora ń lọ sí apá, ọrùn, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn.
3. Òógùn tútù, èébì, òòyì, èémí tó ń gé.

Ẹ kíyè sí i: obìnrin, àgbàlagbà àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè máà ní ìrora àyà rárá. Èémí lè kàn máa gé wọn, tàbí kó rẹ̀ wọ́n gan-an.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Ẹ fi ọkọ́ sílẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ pe ẹni tó wà nítòsí. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ẹ má sì wa alùpùpù fúnra yín. Kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn kíá, bó jẹ́ òru pàápàá. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn kékeré ló sún mọ́ yín, kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ tètè rán yín lọ sí ti ńlá. Ẹ má ní ẹ ó mu àgbo wò ná. Oògùn wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Ká tó débẹ̀

Ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Ẹ dín iyọ̀, máàgì àti ọ̀rá kù. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, nítorí ó lè wà lára láìdunni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ dáhùn

1. Kí ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn?
2. Ta ni ìrora àyà lè máà ṣe?
3. Bó bá ṣẹlẹ̀ lóru ní abúlé yín, ọkọ̀ ta ni ẹ ó pè?